Kóòdù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè ní Saskatoon

Yájì ni mò ń gún nígbà tí ìròyìn náà dé. Mo ti fi ìborùn di imú, síbẹ̀ omi ń dà lójú mi. Àdùkẹ́ ọmọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rọ èyí tó ti kúnná sínú ọ̀rá kéékèèké tí mo máa ń tà fún àwọn tó ń sun ẹran ní Kawo, ní Kaduna. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Fóònù dún. Táófíìkì ni, ọkọ Kúdírátù àbúrò mi, ó ń pè láti Kánádà.

"Àǹtí, físà yín ti jáde o."

Ìyá wa ti kú, èmi sì ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ló kàn láti lọ gba ọmọ Kúdí, kí n máa wẹ̀ ẹ́, kí n sì fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá rẹ̀ bí a ti ń ṣe é nílé. Mo ń kí Táófíìkì lọ títí fóònù fi já. Inú mi dùn. Mo yíjú sí Àdùkẹ́ láti sọ fún un, àṣé ó ti gbọ́. Kò gbé ojú kúrò lára ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. Èdè Hausa ló fi bi mí, bó ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Mama, shi ma zai mutu?"

Ó ń béèrè bóyá ọmọ yẹn náà máa kú.

Mo ní, "Kí ló dé tó o fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyẹn? Di ọ̀rá rẹ."

Ó dì í. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ò sókè: "Tí wọ́n bá gbé e wá, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, kí ẹ tó bá mi wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú, mo bí ọmọkùnrin kan ní Badarawa, àdúgbò wa. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ pọ́n bí omi àtalẹ̀ pupa. Ibà pọ́njú ni, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní shawara. Iná búlúù kan báyìí ni wọ́n máa ń tàn sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, tí ara rẹ̀ á sì mọ́. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Kakuri, wọ́n sì ti fi orúkọ wa sínú ètò adójútòfò ìlera, èyí tí wọ́n fi ń yọ díẹ̀ lára owó oṣù kí àìsàn tó dé. A ní káàdì. Ilé ìwòsàn kan ní Kakuri, lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n kọ sára káàdì wa, iná búlúù kò sì sí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tí iná wà ní àwọn ò lè gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ àfi tí kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, bá wá láti ọ̀dọ̀ HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń gba owó wa pamọ́ tó sì ń bá wa san án fún dókítà. Kakuri ní láti kọ̀wé, HMO ní láti ka ìwé náà, kí wọ́n tó fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ti kírun tán, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì ti parí di ọjọ́ Ajé.

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù, a ń dúró de kóòdù." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Wọn ò tilẹ̀ jágbe mọ́ wa. Nígbà tí ọkọ mi fi máa wá owó dé pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gbàgbé káàdì, gìrì ti mú ọmọ. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Kò tíì ní orúkọ. Kóòdù wọ fóònù ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ ti wà nínú ilẹ̀.

Nílé wa, òbí kì í tẹ̀lé irú òkú bẹ́ẹ̀ dé ibojì, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n nu ojú, mo nù ún. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà, wá ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó ní, "Orí ọmọbìnrin yìí ni kò gba àbúrò." Inú yàrá tí Àdùkẹ́ ti ń jẹun ló ti sọ ọ́. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Ẹ lè ní nítorí pé ìyá ọkọ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó kù ni pé mò ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi náà rù, ẹlòmíràn sì ti bá mi rí i.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ọmọ jòjòló wọlé, Àdùkẹ́ á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé rìnrìn-àjò.

Ẹrù ìbímọ

Ta ni nínú yín ló ti lọ bímọ ní Kaduna rí láìgbé ẹrù lọ? Mo rà á pé: òwú, páálí ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan, abẹ, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ aboyún, okùn tí wọ́n fi ń so ìdodo, abẹ́rẹ́ àti sírínjì. Mo fi kàún tí mo máa fi se kunu, ẹ̀kọ jéró, fún ìyá ọmọ kún un. Kúdí ti ní kí n má ru nǹkankan wá. Mo rò pé kò fẹ́ ni mí lára ni.

Ní pápákọ̀ òfurufú tí a kọ́kọ́ sọ̀ sí, ọkùnrin onírùngbọ̀n gígùn kan ló yẹ ẹrù mi wò. Ó wé láwàní. Ọkàn mi balẹ̀, mo kí i, "Salamu alaikum." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀sìn òun yàtọ̀, pé Síìkì ni òun, ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn òbí òun ti wá. Ojú tì mí. Ó ṣí báàgì. Ó gbé ìbọ̀wọ́ sókè, ó gbé abẹ sókè.

"Nọ́ọ̀sì ni yín?"

"Rárá sà. Àbúrò mi ló fẹ́ bímọ."

"Ṣé inú igbó ló fẹ́ bí i sí ni?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní ilé ìwòsàn ni. Ó wò mí, ó wo ẹrù, ó tún wò mí. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dá ìyókù padà. Kàún ló yẹ̀ wò pẹ́ jù. Àfìgbà tí mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò níwájú rẹ̀ ló tó gbà pé nǹkan jíjẹ ni.

Màmá Olga

Òtútù Saskatoon, ìlú tí Kúdí ń gbé ní Kánádà, mi ò ní sọ ọ́ púpọ̀. Ọyẹ́ tí a ń ráhùn sí ní Kaduna, eré ọmọdé ni.

Àwọn ará ibẹ̀ níwà. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ló máa bẹ̀ ọ́. Wọ́n á di ilẹ̀kùn mú dè ọ́ láti òkèèrè, títí ìwọ fúnra rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè ilé, wọn kì í béèrè ọmọ. Ní Badarawa, kó o tó ra ata, alátà á ti bi ọ́ bó o ṣe sùn, á bi ọ́ nípa àárẹ̀ àná, á bi ọ́ nípa àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Saskatoon, mo lè rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán kí gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín sí mi, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé mo bímọ rí.

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ni Olga, arúgbó tó ń gbé ilé kejì sí ti Kúdí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ní kí n máa pe òun ní Olga lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè é ní Màmá Olga, ó ní ó dà bí orúkọ ilé oúnjẹ. Ó gbé ohun kan wá, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi wé ọ̀dùnkún, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n da bọ́tà lé lórí. Kò ní ata kankan. Mo wọ́n yájì sí tèmi, ó ní kí n wọ́n ọn sí tòun náà. Ó wúkọ́, ó nu ojú, ó tún na abọ́ rẹ̀ sí mi.

Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìgbáròkó rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì ti ń retí iṣẹ́ abẹ láti ìgbà ooru tó kọjá.

Mo ní, "Ṣé kóòdù ni wọ́n ń dúró dè?"

"Kóòdù kí ni? Àyè ni wọ́n ń dúró dè. Àwa tí ìdí ń dùn pọ̀ ju àwọn dókítà lọ. Mò ń bú wọn lójoojúmọ́."

Mo ṣàlàyé kóòdù àti HMO wa fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í bóyá bí tiwọn ṣe rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó jókòó dáadáa. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àbúrò òun ṣàìsàn, bàbá òun sì fa màlúù lọ sílé dókítà. Àwọn aládùúgbò tí kò ní màlúù ń gbé adìẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ní kí gbogbo ènìyàn máa fi owó-orí rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, kí àpò náà sì máa sanwó fún dókítà, ìbáà jẹ́ olówó tàbí aláìní ló ṣàìsàn. Inú bí àwọn dókítà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Ìyá Olga àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, àwọn dókítà padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo Kánádà sì wá kọ́ ètò àpò kan náà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ wọn.

Mo ní, "Ìjọba ló wá ni àwọn dókítà nìyẹn."

"Rárá o. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ìjọba ló ni ilé ìwòsàn níbẹ̀. Dókítà tèmi ló ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló kàn ń fi ìwé owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí." Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ìsàlẹ̀, bí ẹni pé Amẹ́ríkà wà lábẹ́ tábìlì. "Àwọn ti ibẹ̀ yẹn ló ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò púpọ̀ bíi tiyín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbẹ̀ ṣubú, ilé-iṣẹ́ ló kọ́kọ́ pè, kó tó pe ọkọ̀ aláìsàn."

Ẹ ní òkèèrè ni mo wà. Kakuri ni mo wà nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Yàrá ìbímọ

Àárọ̀ ni Kúdí bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Mo gbé báàgì mi. Nígbà tí a dé yàrá ìbímọ, mo tú u sórí tábìlì, mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí a ti ń tò ó níwájú nọ́ọ̀sì ní Kaduna, kó má bàa ní kò pé. Ọmọdébìnrin ni nọ́ọ̀sì náà. Ó ti gbọ́ tí Kúdí ń pè mí ní Àǹtí, ó rò pé orúkọ mi ni.

"Kí ni gbogbo èyí, Àǹtí?"

"Ẹrù rẹ̀ ni."

"A ní tiwa."

"Mo mọ̀ pé ẹ ní in. Tó bá yá, ẹ máa ní ẹ ò ní in."

Kúdí tó ń jẹ̀rora bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí. Ẹ kó o nílẹ̀."

Mo kó o nílẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára káàdì rẹ̀ ni wọ́n béèrè, kò ju ìyẹn lọ. Ó bí ọmọbìnrin, wọ́n sì dá wa padà sílé lọ́jọ́ kejì.

Iná búlúù

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ọmọ lọ sójú fèrèsé, nítorí òjò dídì máa ń jẹ́ kí ojú ọ̀sán mọ́lẹ̀ gan-an. Mo fi ìka tẹ imú rẹ̀ díẹ̀, mo gbé ìka kúrò. Ibi tí mo tẹ̀ pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Mo mọ àwọ̀ yẹn.

"Kúdí, gbé káàdì yín wá. Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ọjọ́ wo la wà? Pe Táófíìkì, kó ti máa pe HMO."

"Àǹtí, wọn ò kọ ilé ìwòsàn kankan síbẹ̀."

"Wò ó dáadáa."

Ó gbé e fún mi. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù la gbé ọmọ lọ. Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì kan bọ́ aṣọ rẹ̀, ó fi nǹkan rírọ̀ bò ó lójú, ó gbé e sábẹ́ iná. Òjò dídì tó wà lára bàtà mi kò tíì yọ́ tán.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí ẹni tó máa pe fóònù. Ọkùnrin kan nínú wọn gbé fóònù, mo sáré sún mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bi nípa oúnjẹ. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, nígbà wo ni kóòdù máa dé?"

"Kóòdù wo?"

"Èyí tí ẹ ń dúró dè kí ẹ tó tan iná."

Ó wo iná, ó wò mí. "Ó ti tàn."

Mo wò ó dáadáa. Iná lásán ni. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ta fóònù ní Kawo ń tàn síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kí ènìyàn lè yà wá rajà. Ẹ óò rò pé mo dúpẹ́. Inú ló bí mi. Mo bínú sí iná náà, mo bínú sí nọ́ọ̀sì tí kò mọ ohun tí à ń pè ní kóòdù. Fún ìṣẹ́jú kan, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo bínú sí ọmọ àbúrò mi tó sùn síbẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀, tí ara rẹ̀ ń mọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kúdí dì mí mú. Òun náà ti ka ọjọ́: ọjọ́ Jímọ̀ ni.

Àpò kan

Táófíìkì kì í yin ìlú náà bó ti yẹ. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ àpò kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò rí ohun tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù mi. Ẹ sì rò ó wò, bí a bá kó owó ìlera gbogbo Nàìjíríà sínú àpò kan, ẹnì kan á gbé e lọ lọ́jọ́ kan."

"Ní báyìí ńkọ́? Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà lọ́tọ̀, ti ìpínlẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti àwọn aládàáni bíi tiwa wà lọ́tọ̀, èyí tí ẹgbẹ́ àwa obìnrin ń dá jọ láti fi bẹ aláìsàn wò náà wà lọ́tọ̀. Wọ́n sì ń jí nínú wọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ń kú lọ, ẹni tó di àpò kan mú á ní kó o lọ bá ẹni tó di èkejì mú."

Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn, ẹ jàre mi."

Mi ò sọ pé òun náà kò ní òtítọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ ta ni a máa fi àpò kan lé ní ilé wa? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì rò pé Párádísè ni mo lọ. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, eyín kò sí nínú àpò náà nígbà tí mo wà níbẹ̀. Àlejò gan-an kò sí nínú rẹ̀. Bí mo bá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí iná búlúù wà, èmi ló máa san owó tèmi, nítorí káàdì tí kì í béèrè kóòdù yẹn kò mọ̀ mí rí. Eyín ń ro Màmá Olga náà. Mo fún un ní kànáfùrù tèmi, àwa méjèèjì jókòó, a fi í sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní àwọn tó dá àpò náà sílẹ̀ gbàgbé pé ara ènìyàn ní ẹnu.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, fún arúgbó òyìnbó tí kò mọ ìyá ọkọ mi. Bó ti ń bú àwọn dókítà ìgbáròkó rẹ̀ ló ṣe bú àwọn oníkóòdù fún mi. Ó tù mí lára. Bí mo ti ń sọ ọ́, mo gbọ́ létí ara mi pé n kò dárúkọ Àdùkẹ́ níbì kankan nínú ohun tó pa ọmọ náà.

Ilé

Yàrá kún nígbà tí mo padà dé Kaduna. Àwọn aládùúgbò ń ṣe "Allah ya raya", kí Ọlọ́run wo ọmọ. Ìyá àgbà jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí. Mo kí wọn tán, mo na fóònù sí Àdùkẹ́, kó wo àwòrán ọmọ Kúdí lábẹ́ iná. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ojú nìkan ló fi wò ó.

Mo ní, "Shawara ló ṣe é. Irú èyí tó ṣe àbúrò rẹ."

Ìyá àgbà ní, "Ṣẹ̀rífátù, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn níwájú ọmọdé?"

Mo kúnlẹ̀ kí n tó fèsì, kí wọ́n má bàa ní òyìnbó ti bà mí jẹ́. "Ẹ má bínú, Ìyá. Níwájú rẹ̀ náà la ti sọ èyí àkọ́kọ́."

Mo yíjú sí ọmọ mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ojú wa ṣe déédéé. Mo ní, "Orí rẹ kò ṣe nǹkankan. Iná bí èyí ló yẹ kí wọ́n tàn sí àbúrò rẹ lára. Wọn ò tàn án, nítorí wọ́n ń dúró de nọ́ńbà kan. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yẹn, mo sì jẹ́ kó o máa gbé ẹ̀bi náà kiri. Má bínú sí mi."

Ó rò ó. "To, wa ya hana?" Ó fẹ́ mọ ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n tan iná náà.

Mo fẹ́ dárúkọ ẹnì kan fún un. Mo ti ń wá orúkọ náà bọ̀ láti Saskatoon. Dókítà Kakuri kọ ìwé rẹ̀. Ọmọbìnrin ilé ìwòsàn ńlá béèrè ohun tí wọ́n ní kó béèrè. Ẹni tó yẹ kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, bóyá ó wà nílé rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

Mo ní, "Wọ́n pọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń dúró de ẹlòmíràn. Ìwọ ò sí lára wọn."